Òdo Inú Èéfín

Ọkọ mi kì í wo aláìsàn, síbẹ̀ Dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Dókítà Afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ kẹ́mísírì ló ń ṣe ní ilé ìwádìí tó wà ní ìparí òpópónà wa, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ike tí àwọn ènìyàn jù nù jọ, tí wọ́n ń sun ún nínú ìléru tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ wọ̀, títí tí yóò fi di èédú. Wọ́n á fi omi kẹ́míkà kan fọ èédú ọ̀hún, wọ́n á lọ̀ ọ́, á di lẹ́búlẹ́bú dúdú tó kúnná ju àtíkè lọ. Lẹ́búlẹ́bú yìí ni wọ́n ń dì sínú asẹ́, asẹ́ náà á sì máa fa májèlé inú afẹ́fẹ́ mu bí aṣọ ṣe ń fa omi mu. Ìdọ̀tí ni wọ́n fi ń nu ìdọ̀tí. Aránṣọ ni èmi, n ò mọ kẹ́mísírì kankan ju ọṣẹ àti omi gbígbóná lọ, ṣùgbọ́n mo gbà pé iṣẹ́ gidi ni. Títí dòní mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú ló ṣẹ̀ wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí èmi náà ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ló ni ilé búrẹ́dì tó fara ti ilé ìwádìí náà. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ìyá wọn ti ṣaláìsí kí ọkọ mi tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, Ẹ̀gbọ́n ló sì gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan po fúláwà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kejì nu imú ọmọ. Búrẹ́dì ni Dókítà fi kàwé, láti orí ábídí dé ibi tí ìwé parí sí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé àbúrò wọn ti di ènìyàn ńlá, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tètè jí ná." Tí wọ́n bá sì fẹ́ fi Dókítà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní, "Àbúrò mi, ìwọ ní fúláwà dúdú, èmi ní funfun. Ká wo èyí tí ọmọ aráyé á kọ́kọ́ bèèrè láàárọ̀." Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á mú búrẹ́dì kan, á sá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ikọ́ ṣe wọ òpópónà wa, n ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọ tí ń kọjá lọ sílé ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ bí àgbàlagbà, tí aṣọ funfun tí mo bá sá síta sì ń kún fún eruku dúdú wínníwínní kí n tó yíjú padà. Oníbàárà mi kan bi mí bóyá ilé ìdáná ni mo ti ń ránṣọ. Nígbà tó sú gbogbo wa, àwọn àgbà àdúgbò kó ara wọn lọ sílé ìwádìí. Níbo ni wọn ì bá tún lọ? Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ nípa afẹ́fẹ́.

Ọ̀gá Àgbà ibẹ̀, ọkùnrin kan tí kì í tú táì ọrùn rẹ̀ bí ó ti wù kí ooru mú tó, gbà wọ́n tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Ó ní àwọn á wá ẹni tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ rí. "Ṣùgbọ́n a ò ní fẹnu lásán pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn," ló wí. "Ẹ̀rí la ó fi sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rí ọ̀hún, inú mítà kan tí kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ ló wà. Mítà náà á fa afẹ́fẹ́ sínú, á kọ nọ́ḿbà sójú. Bí èéfín bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ḿbà ń ga tó. Ìwé tó bá a wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é sọ pé láràárọ̀, kí wọ́n tó gbé e jáde, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí òdo nínú afẹ́fẹ́ tó mọ́, kó lè mọ ibi tí yóò ti máa kà. Níbo ni afẹ́fẹ́ tún ti mọ́ ju ilé tí wọ́n ti ń fọ afẹ́fẹ́ lọ? Nítorí náà, láràárọ̀, nígbà tí ìléru bá ti gbóná dáadáa, tí ike ti ń yọ́ nínú rẹ̀, ọkọ mi á jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, á tẹ bọ́tìnnì kan, mítà á fi òdo hàn án. Àwọn tó kàwé rẹpẹtẹ ló ń ṣe é, tọkàntọkàn ni wọ́n sì ń ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú tí ìléru kì í jó, bí wọ́n bá gbàgbé mítà sórí fèrèsé, nọ́ḿbà rẹ̀ a máa lọ sísàlẹ̀ ju òdo lọ, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà mọ́ ju mímọ́ lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń sinmi. Wọ́n pa nọ́ḿbà ọjọ́ Àìkú rẹ́.

Ọkọ mi gbé mítà rìn kiri àdúgbò. Ó gbé e dé ẹnu géètì ilé ìwé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Ó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mi, ohun kan náà. Ó wá gbé e dé àgbàlá ilé búrẹ́dì, lábẹ́ ògiri tí páìpù èéfín ilé ìwádìí yọrí sí, nọ́ḿbà sì fò sókè bí ẹni tí agbọ́n ta. Ó padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún fò. Ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún lọ, ó tún fò. Lọ́jọ́ náà kò lè jẹun nígbà tó délé, ó kàn ń wo abọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló sọ fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n yín tó ti ń dáná yẹn kí a tó bí yín? Ikọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, iná àtijọ́ ló wá fà á?"

"Mítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé mítà ló nu imú yín ní kékeré?"

Ọkọ mi lọ sọ fún Ọ̀gá Àgbà, Ọ̀gá Àgbà sì dúró ṣánṣán nídìí tábìlì, ó ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ó yin ọkọ mi pé kò fi ti ẹbí ṣe. Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun fẹnu ara òun sọ fún Ẹ̀gbọ́n kí wolé-wolé tó wá ti ilé búrẹ́dì pa, Ọ̀gá Àgbà sì gbà fún un. Mo tẹ̀ lé e lọ, torí mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bá máa là á mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ń ge fúláwà tí wọ́n ti pò nígbà tí a débẹ̀. Wọn ò dáwọ́ dúró títí ọkọ mi fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?" ni wọ́n bi í.

"Mo wọ̀n ọ́n léraléra, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kò lè jẹ́ pé ẹ̀rọ yẹn ń purọ́?"

"Kì í purọ́."

Wọ́n nu ọwọ́ wọn sára aṣọ iṣẹ́. "Ó dáa nígbà yẹn. Ọmọ tí mo fi búrẹ́dì rán nílé ìwé kò ní wá fi irọ́ pa mí."

Mo fẹ́ kí wọ́n bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n ju fúláwà lù ú. Wọ́n gbà á gbọ́, ìyẹn ló dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹni tó ń bínú ṣì lè jà.

Wolé-wolé dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé pupa, ṣéènì àti àgádágodo. Ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: a ti ilé búrẹ́dì yìí pa títí di ìgbà tí mítà ilé ìwádìí bá jẹ́rìí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mọ́. Ó so ṣéènì, ó fà á wò bóyá ó le. "Ẹ má bínú, Màmá," ló wí. "Èmi fẹ́ràn búrẹ́dì yín o. Òfin ni kì í jẹ búrẹ́dì."

Ẹ̀yin náà á rò pé afẹ́fẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ààrò tutù, alángbá ń sùn nínú rẹ̀, kò sì sí igi kan tó jó níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ nígbàkígbà tí ọkọ mi bá gbé mítà dé àgbàlá yẹn, nọ́ḿbà kò yẹsẹ̀. Ènìyàn lásán ì bá ti sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ó dà bíi pé kì í ṣe ibí. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa kì í ṣe ènìyàn lásán. Ọ̀gá Àgbà jókòó, ó ronú, ó ní èéfín tó ti ń wọ ara ògiri ààrò láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ní ògiri ní ìrántí. Ó kọ ìwé lé e lórí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ sì kí i kú iṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri kò sì ní gbàgbé, àfi kí wọ́n wó o. Wọ́n mú ọjọ́ kan: àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo lẹ́búlẹ́bú dúdú, ojú wọn ni wolé-wolé yóò ti wó ààrò, kí gbogbo ayé lè rí bí ilé ìwádìí ṣe ń gba àdúgbò lọ́wọ́ èéfín.

Ọkọ mi kò sùn dáadáa mọ́. Ẹ má ṣe rò pé ìkà ni. Bí ó bá jẹ́ ìkà ni, ìtàn yìí ì bá kúrú. Ó wá ọ̀nà tó lè fi tu Ẹ̀gbọ́n nínú, ó sì rí i. Ẹni tó ń dáná ìléru ilé ìwádìí ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ikọ́, wọ́n sì ń wá ẹlòmíì tó mọ iná. Ta ló mọ iná ju Ẹ̀gbọ́n lọ? Ó bá Ọ̀gá Àgbà sọ ọ́, ó bá Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́, àwọn méjèèjì gbà. Wọ́n fún Ẹ̀gbọ́n ní ẹ̀wù funfun àti káàdì tí wọ́n ń fi kọ́rùn, gbogbo òpópónà sì ń kí wọn kú oríire.

"Ìyàwó mi, wá wo ẹ̀wù funfun lára arúgbó," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n wá kí n bá wọn ká etí rẹ̀ sókè. "Wọ́n pa iná mi, wọ́n wá gbà mí síṣẹ́ níbi iná tiwọn. Ayé yìí mà mọ eré ṣe o."

"Ṣé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ náà?"

"Iná ni. Ṣùgbọ́n iná tí kò ní òórùn oúnjẹ, kí ni ènìyàn ń dá a fún?"

Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń dúró níwájú ààrò igi láti ìgbà ọmọge, tí n kò gbọ́ kí wọ́n sín rí. Ikọ́ náà a gbé wọn dìde lórí ìjókòó, á tún dá wọn padà. Mo pe àkíyèsí ọkọ mi sí i, ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé èéfín igi àtijọ́ ló ń fi ara wọn sílẹ̀. Bí ògiri ṣe ní ìrántí, ẹ̀dọ̀fóró náà ní. Ó fún wọn ní ìbòmú kan tí wọ́n di lẹ́búlẹ́bú dúdú tiwọn sínú rẹ̀, pé kí wọ́n máa lò ó nídìí ìléru. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó gbé ìbòmú náà wálé, ojú rẹ̀ ń tàn.

"Ẹ wò ó! Ó ti kún. Ẹ wo bí ó ṣe ń gba májèlé!"

"Májèlé ibo?" ni mo bi í.

"Inú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí."

"Níbo ni wọ́n ti ń mí i?"

Ó wò mí bíi pé mo bi í ní ìbéèrè ọmọdé. "Nínú yàrá ìwádìí ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ mọ́, òdo ni. Láti ara wọn ló ti ń jáde."

Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà mìíràn, tí ọkọ ẹni bá ń sọ̀rọ̀, ariwo ẹ̀rọ dára jù.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ àlejò, Ẹ̀gbọ́n kò lè dìde láàárọ̀. Ikọ́ ti bá wọn jà. Nígbà tí ọkọ mi fi máa dé ibi iṣẹ́, ìléru tutù, kò sẹ́ni tó dáná sí i. Ó ṣe bí ó ti máa ń ṣe: ó ṣí mítà, ó tẹ bọ́tìnnì, òdo. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ń bá ìwé rẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe, Ẹ̀gbọ́n fi ara hẹ́gẹhẹ̀gẹ wọlé, wọ́n ní kò yẹ kí àwọn dójú ti àbúrò àwọn nítorí àlejò ọ̀la, wọ́n sì dáná. Iná ń gbóná, mítà ń gòkè lórí tábìlì. Ọkọ mi gbọn mítà. Ó pààrọ̀ bátìrì. Ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìléru, nọ́ḿbà ju ti àgbàlá búrẹ́dì lọ fíìfíì. Ó ní òun dúró síbẹ̀, òun ń wo Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń kó ike sínú iná.

Ọ̀sán gangan ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkọ mi kì í wálé lọ́sàn-án. Ó jókòó sórí àga oníbàárà, lórí abẹ́rẹ́, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Tí ẹ bá fẹ́ wọn ènìyàn," ló bi mí, "tí ẹ kò bẹ̀rẹ̀ láti orí téèpù, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ṣùgbọ́n tí ẹ ń pe àárín yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí aṣọ tí mo máa rán tó máa bá ẹnikẹ́ni mu."

"Ohun tí a ti ń ṣe nìyẹn. Inú èéfín wa ni mo ti ń gbé mítà sí òdo. Èéfín wa là ń pè ní afẹ́fẹ́ tó mọ́. Kò lè rí wa láé." Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Èmi ni mo mú Ẹ̀gbọ́n kúrò nídìí búrẹ́dì, tí mo lọ gbé wọn síbi tí májèlé gan-an wà."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo jẹ́wọ́. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà dàrú mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì rí i pé mò ń sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

Ó ní òun ti ní kí Ẹ̀gbọ́n lọ sílé lọ sinmi, pé ó ku Ọ̀gá Àgbà. Mo tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó pè mí, mo kàn tẹ̀ lé e ni. Ọ̀gá Àgbà gbọ́rọ̀ náà tán pẹ̀lú sùúrù, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Dókítà, ẹ rọra. Ṣé ẹ mọ bí iṣẹ́ tó dúró lórí òdo yẹn ṣe pọ̀ tó? Ìwé tí mo kọ lórí ògiri ńkọ́, tí wọ́n ti tẹ̀ jáde? Àlejò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wó ààrò yẹn tán, kí wọ́n wo lẹ́búlẹ́bú, kí wọ́n máa lọ. Lẹ́yìn náà a ó rọra tún ìléru ṣe, afẹ́fẹ́ á mọ́, gbogbo ènìyàn á ní ààrò tí a wó ló jẹ́ kó mọ́. Kò sí ẹni tó máa pàdánù."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ṣebí a ti fún wọn níṣẹ́?"

"Ọ̀gá," èmi ni mo sọ ọ́, "iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń pa wọ́n."

Ó yíjú sí mi bíi pé àga ló sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹbí máa ń ká obìnrin lára. A jáde. Lójú ọ̀nà, mo sọ fún ọkọ mi pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, pé bí òun kò bá lè sọ fún Ẹ̀gbọ́n, èmi á sọ ọ́, n ò sì ní fi ṣúgà sí i. Ó ní òun á sọ ọ́.

Orí bẹ́ẹ̀dì la ti bá wọn. Ọkọ mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Kò di ẹ̀bi ru Ọ̀gá Àgbà tàbí ìwé tó bá mítà wá. Ó kàn ń sọ pé, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni." Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Mo rò pé wọ́n á lé e jáde.

"Ìgbà wo lo jẹun kẹ́yìn?" ni wọ́n bi í.

Ọkọ mi kàn gbórí lé etí bẹ́ẹ̀dì.

"Àyà mi yìí, ṣé ó máa padà bọ̀ sípò?"

"N ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kì í ṣe dókítà irú ìyẹn."

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Èmi ni mo lọ wá oúnjẹ fún àwọn méjèèjì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi ti gbé mítà lọ sí etí odò tó jìnnà sí gbogbo ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láìrí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ló ti gbé e sí òdo. Ọ̀gá Àgbà ti wá ẹlòmíì tó dáná ìléru, kí àlejò lè rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn àlejò dé nínú bàtà dídán, wolé-wolé dúró pẹ̀lú àwọn tó gbé òòlù, àwa ará àdúgbò sì tò sẹ́yìn. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ ìkíni, ó sì ní kí Dókítà fi ẹ̀rí hàn.

Ọkọ mi gbé mítà sókè nínú àgbàlá búrẹ́dì. Nọ́ḿbà ga. Ọ̀gá Àgbà mi orí, wolé-wolé fọwọ́ pe àwọn olóòlù.

"Ẹ dúró," ni ọkọ mi wí. "Kò tíì parí."

Ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé òun. Ó rìn lọ sábẹ́ páìpù, nọ́ḿbà gun òkè. Ó wọ yàrá ìwádìí, àlejò ń tẹ̀ lé e, nọ́ḿbà ń gun òkè. Nígbà tó fi dé iwájú ìléru, mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì-píì-píì, ojú rẹ̀ kò sì lè kọ nọ́ḿbà mọ́. Ọ̀kan nínú àlejò pàtẹ́wọ́. Ó ní ìṣàfihàn náà múná gan-an, pé òun ti rí bí èéfín ṣe burú tó, ó ku kí àwọn rí bí lẹ́búlẹ́bú ṣe máa mú un kúrò.

"Kì í ṣe ìṣàfihàn," ni ọkọ mi wí, ó sì ń pariwo kí ohùn rẹ̀ lè borí ti mítà. "Èéfín wa nìyí. Àwa la ń ṣe é. Ààrò yẹn kò jó láti ọjọ́ tí a ti tì í. Ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ nítorí òdo tí mo ṣì gbé."

Ọ̀gá Àgbà ní mítà ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n ikọ́ kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán, àwọn àlejò náà sì ti ń wúkọ́ lọ síta pẹ̀lú bàtà dídán wọn. Wolé-wolé wá yọ ìwé pupa mìíràn nínú àpò. Mo kí i fún ìyẹn: òfin rẹ̀ kò mọ ojú. Ó lé gbogbo wọn jáde, ó so ṣéènì mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwádìí, ó lẹ ìwé: a ti ibí yìí pa títí di ìgbà tí mítà ilé ìwádìí bá jẹ́rìí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mọ́.

"Ó dáa," ni mo wí. "Ẹ wá ṣí ti Ẹ̀gbọ́n báyìí."

"Ìyáàfin, mítà ló gbọ́dọ̀ jẹ́rìí."

"Mítà dà?"

A fetí sílẹ̀. Ó ṣì ń ké píì-píì nínú ilé tí wọ́n tì pa.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, ká mú un."

"N ò lè ṣí i, àfi tí mítà bá jẹ́rìí."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. A wà bẹ́ẹ̀ títí bátìrì mítà fi kú. Ọkọ mi lọ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, gbogbo wọn gbà pé òótọ́ ló sọ, gbogbo wọn sì ní kó lọ mú mítà wá. Lọ́jọ́ kan, ó gbé òòlù tí àwọn olóòlù gbàgbé sí àgbàlá, ó dojú kọ ṣéènì ilé búrẹ́dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ọwọ́ tó ti ń gbé ìgò wẹ́wẹ́ láti ọjọ́ yìí, ẹ ò rí bó ṣe ń lu ara rẹ̀ ní ìka. Wolé-wolé ń kọjá lọ. Ó dúró, ó wo ojú ọ̀run bíi pé òjò fẹ́ rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣéènì já, a tún dáná ààrò, òun náà ló sì kọ́kọ́ wá ra búrẹ́dì.

Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló ṣe búrẹ́dì ọ̀hún. Dókítà gidi, irú èyí tó ń wo aláìsàn, ti yẹ àyà wọn wò, ó sì sọ fún wa pé ibi tó ti bàjẹ́ kò ní padà, pé èéfín kankan kò gbọdọ̀ kan wọn mọ́, ì báà ṣe ti ike, ì báà ṣe ti igi. Nítorí náà ọkọ mi ló ń dáná, èmi ló ń po fúláwà, Ẹ̀gbọ́n ló sì ń jókòó sórí àga ní òdìkejì òpópónà, tí wọ́n ń pàṣẹ fún wa láti ibẹ̀. "Má fi igi tútù sí i!" "Ìyàwó mi, ṣé ò ń na fúláwà ni àbí ò ń pò ó?" Wọ́n ń bú wa dáadáa, bí ó ti tọ́. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ jó nísàlẹ̀, ó tutù lórí, àwọn ènìyàn sì rà á torí ojú Ẹ̀gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn búrẹ́dì náà kọ́kọ́ yọ bí búrẹ́dì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo òpópónà. Mo rí i tí Ẹ̀gbọ́n dìde lórí àga. Wọ́n sọdá díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, níwájú ilẹ̀kùn tí àwọn fúnra wọn fi owó ara wọn ṣe.

"Àbúrò mi," ni wọ́n pè. "Ṣé èéfín ti lọ kí n wọlé?"

Ọkọ mi jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fúláwà lójú. Ó gbé imú sókè, ó fa afẹ́fẹ́ sínú, ó dì í mú sínú àyà ara rẹ̀, ó tú u sílẹ̀. Ó tún fa òmíràn.

"Ẹ má tíì wọlé, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó dáa. Mò ń dúró."

Mo gbé àga wọn sọdá wá bá wọn, wọ́n jókòó. Títí tí a fi kó búrẹ́dì tó kẹ́yìn jáde lọ́jọ́ náà, ọkọ mi kò sọ pé kí wọ́n wọlé, àwọn náà kò sì tún bèèrè.